Àwòrán Ìyá Wa Tí Kò Wé Gèlè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún

Ó ti di òótọ́ wàyí. Phoebe, ọmọbìnrin tó ń ṣe àkóso gálárì etí òkun, bá Hafeezah, ọmọ ìyàwó wa, wá sílé lónìí. Wọ́n jókòó sí àgbàlá wa ní Lagos Town, ní Àkírà níbí, wọ́n mu ṣóbòlò, wọ́n sì sọ ọ́ jáde: gbogbo iṣẹ́ ìyàwó wa ni wọ́n fẹ́ pàtẹ, láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ní Nọ́wè títí di òní. Àkírà ni yóò kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà ni wọn yóò kó o wọ bààlúù lọ sí ìlú tí wọ́n ti bí i. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni wọn yóò ṣí i.

Èmi ni wọ́n ní kí n kó àwọn àwòrán náà jọ láti ilé onílé, nítorí orúnkún Ìyàwó kò gbà á mọ́. Mo ní ta ni yóò wá bá mi ta aṣọ ní ọjà Odawna? Hafeezah ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ti gbà." Ọmọ burúkú. Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo wọlé, Ìyàwó fi orúnkún tó ń dùn ún náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Phoebe la ẹnu sílẹ̀. Òyìnbó arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń kúnlẹ̀ kí ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta! Hafeezah ní láti ṣàlàyé fún un pé wọ́n ti bí mi sílé yìí kí ìyá òun tó wọlé fún ẹ̀gbọ́n mi Mísbáù, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ mí láti ọdún 1980. Mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà. Lóde òní, bí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ trotro, mét tó ń gbowó ọkọ̀ á ní kí n san owó ẹni méjì.

Àwa náà kì í pe orúkọ tirẹ̀. Ragnhild kò gba ẹnu wa. Ìyàwó ni, gbogbo àdúgbò sì mọ Ìyàwó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Àdúgbò Nima ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Òjò pa mí dé ọ̀dọ̀ Faruk aránṣọ, ẹni tí àwòrán bàbá rẹ̀ ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọdé. A gbé e sọ̀ kalẹ̀, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ sì funfun ju ògiri yòókù lọ. Faruk ní kí n wá nǹkan bò ó fún òun kí ojú má ti òun. Mo ra kàlẹ́ńdà fún un lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri. Ó wo kàlẹ́ńdà, ó wo bàbá rẹ̀, ó ní òṣì ti dé sí ṣọ́ọ̀bù òun. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé pé aṣọ mi tutù.

Tòmátì ti gbówó lórí. Èyí tí mo rà lónìí kò lè se ọbẹ̀ ẹni méjì.

Bí mo ṣe gbé àwòrán náà lé itan nínú trotro, obìnrin kan bi mí pé ta ló yà á. Mo ní ìyàwó wa ni. Mo sì ro ìyókù fún un láìjẹ́ pé ó béèrè: pé apẹja ni bàbá rẹ̀, ní erékùṣù kan ní òkè àríwá Nọ́wè tí oòrùn kì í yọ lásìkò òtútù, pé ẹja ni wọ́n ń sá gbẹ níbẹ̀ tí a fi ń jẹ pánlá níbí, pé ẹ̀gbọ́n mi Mísbáù lọ ra ẹja fún ọ̀gá rẹ̀, ó bá ọmọge kan létí omi tó ń ya àwọn igi tí wọ́n ń sá ẹja lé. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, Alhájì Abọ́dúndé, kì í yéé sọ ọ́ pé, "A rán ọmọ lọ ra pánlá, ó mú ẹni tó ni pánlá bọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ Ìyàwó ní iṣẹ́ ọnà nílùú wọn kìlọ̀ fún un nígbà yẹn. Ó ní ayàwòrán tó bá lọ lọ́kọ sí Áfríkà, ọmọ ni yóò máa bí, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á gbẹ. Èmi tí mo ń bá a fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì náà láti ọdún wọ̀nyí wá, n kò tíì rí ọjọ́ tó gbẹ. Obìnrin inú trotro ní kí n jọ̀wọ́ sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúndé ní yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Ayílà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwòrán Màámi ni mo wá gbà."

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló wà, ó ti fi aṣọ funfun dì í láti ọjọ́ tí Màámi ti kú. Kò dìde. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

"Fáòsíà, ṣé Màámi jáde nílé yìí rí láìborí?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

"Àlejò ọkùnrin kan rí irun rẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Ẹ wá fẹ́ kí n gbé e lọ sí etí òkun, kí àwọn tó mu ọtí yó máa wo irun ìyá mi."

Mo ní kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń mutí. Ó ní òun mọ àwọn òyìnbó, kò sí ohun tí wọ́n ń wò láìgbé ife dání. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò láti àárọ̀. N kò lọ sọ́jà. Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Phoebe mú wa lọ wo gálárì náà. Ògiri àkọ́kọ́ tí ojú á kàn bí èèyàn bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé, àwòrán Màámi ló fi í sílẹ̀ fún. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àǹtí, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Láìsí àwòrán yẹn, ìdajì ìtàn mama Hafeezah ni a máa sọ." Ìyàwó dúró níwájú ògiri òfìfo náà, ó fi ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú wò ó bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀.

Inú ọkọ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Ọdún ebi ńlá ló ya Màámi, ọdún 1983. Ọ̀ffà, ìlú wa, ni wọ́n rán mi lọ nígbà náà, n kò sí nílé. Kò sí oúnjẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ̀dà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fẹ́ rà ló máa ń yà: igi àgbọn, oòrùn tó ń wọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọmọge. Ó ní kàlẹ́ńdà ni òun ń yà. Ọ̀dà wá tán. Màámi ló pè é, ó ní, "Jókòó, yà mí. Bí ebi yìí bá pa mí, kí wọ́n ṣì rí mi." Mísbáù wá àpò fúláwà méjì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, wọ́n rán wọn pọ̀. Èédú, erùpẹ̀ pupa, àti ìwọ̀nba ọ̀dà funfun tó kù nídìí ike ló fi yà á.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ó ní, "ọjọ́ yẹn ni mo di ayàwòrán. Ohun tí mo ṣe ṣáájú, ọwọ́ mi ló ṣe é. Ojú mi kò sí níbẹ̀."

Ẹ̀bùn tí ìjọba ilẹ̀ wọn fún un, ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ilé ọnà ńlá tó ń ra iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ kò sì jáde nílé wa rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo tún lọ. Mo gbé ọsàn dání, mo kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ní Màámi fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ya òun.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Òun ló sọ ọ́, n kò jiyàn. Inú yàrá rẹ̀ ló sì gbé e kọ́ títí ó fi kú. Ohun tó fọwọ́ sí fún yàrá rẹ̀, ṣé ó fọwọ́ sí i fún títì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti wá ọ̀nà tí màá gbà bínú sí i láti àárọ̀, n kò rí i mọ́. Mo jẹ ọsàn kan nínú èyí tí mo gbé wá, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Orí mi gbóná títí di ìsinsìnyí. Ìyàwó ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n láìbi mí. Ó ní bí ó bá jẹ́ orí tó ṣí sílẹ̀ ló ń dà wọ́n láàmú, òun yóò fi ọ̀dà wé gèlè fún Màámi. Ẹ̀gbọ́n ti gbà. Ó tiẹ̀ dúpẹ́!

Mo wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. "Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé? Iṣẹ́ tó dára jù láyé rẹ, o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ bà á jẹ́?"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi."

"Má pè mí lọ́kọ lónìí! Lọ sọ fún wọn pé o kò ṣe mọ́."

Ó ń po ọ̀dà lọ. "Ọkọ mi àgbà ni wọ́n. Ẹnu wo ni màá fi sọ fún wọn pé rárá? Ohun tí mo béèrè ni pé kí wọ́n wá fúnra wọn, kí wọ́n wá mú àwọ̀ tí wọ́n bá fẹ́."

Mo pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé, níbi tí a ń sá aṣọ sí. Àwòrán yẹn ló ń jẹ́ kí n gbé orí sókè láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Bí mo ṣe jẹ́ oníṣòwò ọ̀kírìkà lásán tó, ilé wa ni ohun tó dára bẹ́ẹ̀ ti jáde, ìyá mi sì ni. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà

Omi wọ Odawna. A gbé béèlì aṣọ lé orí tábìlì, síbẹ̀ ó bá méjì nísàlẹ̀. Iná tún lọ. Dumsor yìí, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, á pa wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí kó tó sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ Ìyàwó. Hafeezah ti gbé àwòrán náà dé ṣáájú, ó gbé e sórí igi tí wọ́n ń gbé àwòrán lé, aṣọ funfun ṣì wà lára rẹ̀. Ìyàwó ti na aṣọ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára ògiri, funfun, aró, àti àlùkò. Ó kúnlẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ dì í. Ẹ bá mi tú u."

Ẹ̀gbọ́n tú u. Èmi náà kò tíì rí i láti ọdún tí Màámi ti kú. Ọrùn rẹ̀ rèé, tí ebi sọ di igi. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìdajì irun rẹ̀ ti di ṣùkú, ìdajì yòókù rí wúruwùru bí òwú. Láti òkè àwòrán ni ọwọ́ méjì ti sọ̀ kalẹ̀ sínú irun náà, tó ń dì í. Ọwọ́ lásán ni, kò sí ojú, kò sí ara.

Ìyàwó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní, "Gèlè á bẹ̀rẹ̀ níbi yìí, á dé ibí. Irun á lọ, ọwọ́ náà á sì lọ. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́, ọkọ mi?"

Ẹ̀gbọ́n kò wo aṣọ. Ó sún mọ́ àwòrán títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ta ló ń dirun yìí?"

"Ìyáálé mi ni."

Ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì yẹn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti wo àwòrán náà láyé Màámi, ojú Màámi ni mo máa ń wò. N kò bi ara mi rí pé ọwọ́ ta nìyẹn.

"Ṣìfáwù," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ìka rẹ̀ tẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kú sórí oyún ní ọdún kejì ìyàn náà, òun àti ọmọ. Àwòrán ìgbéyàwó wọn kan ṣoṣo bá àgbàrá lọ. N kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí mo ti di ìyá ọmọ.

Ó jókòó sórí àga. Ó na ọwọ́ sí àwòrán, kò fọwọ́ kàn án. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n, kò sì nù ún. N kò rí irú rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin Mísbáù.

Nígbà tó yá, ó ní, "Kò tíì dì í tán."

Ó tọ́ka sí ìdajì irun tó rí wúruwùru.

"Ta ló ń wé gèlè sí irun tí wọn kò tíì dì tán? Inú ilé ni ìyá mi wà, ìyàwó mi ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kó aṣọ yín kúrò níbẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Fáòsíà, sọ fún ọmọ gálárì yẹn kó wá gbé e. Kó má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọtí."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ bá Ìyàwó níbi tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ yìí, o mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

"O mọ̀ pé wọ́n á rí ọwọ́ náà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó kì í bá ọkọ jiyàn. Wọ́n ní kí n bo orí, mo gbà. Àwọ̀ ni mo bi wọ́n."

"Bí wọ́n bá wá mú àwọ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó tọ́ka sí àwo tó wà lójú fèrèsé. Ọ̀dà funfun tó ti pò kún inú rẹ̀, ó ti ń dì lójú.

"Màá yà á," ó ní. "Màá sunkún, ṣùgbọ́n màá yà á. Ìyá yín ló fún mi ní iṣẹ́ náà, ilé yín ló ni ín."

Mo jókòó tì í. Obìnrin yìí mọ ilé ọkọ jù wá lọ, àwa tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Iléyá. Gbogbo ẹni tó wá jẹ ẹran ni Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún pé kó wá sí etí òkun lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti pe ìdajì mọ́ṣáláṣí. Phoebe ní àga kò tó. Mo ní kó lọ háyà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje

Ẹsẹ̀ mi wú, n kò lè bọ́ bàtà, inú mi sì dùn ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ.

Wọ́n ti ṣí ìpàtẹ náà. Bí ènìyàn bá ti wọlé, Màámi ni. Lọ́wọ́ ọ̀tún ni ayé Ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀: igi ìsáẹja tó yà nígbà tó wà lọ́mọge, bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ojú òfuurufú dúdú. Lẹ́yìn náà àwọn kàlẹ́ńdà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé wọn síbẹ̀ kí a lè rí ibi tó ti kọsẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo wa. Bàbá Faruk. Àwọn obìnrin Odawna lórí béèlì, èmi náà wà níbẹ̀, mo sanra, mo ń pariwo mọ́ oníbàárà. Mísbáù lórí àìsàn. Àwọn tuntun tó yà láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tí wọ́n tóbi bí ilẹ̀kùn, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn kó tó mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Mo rí àwọn òyìnbó tó ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n ń kọ lu ara wọn. Ó dùn mọ́ mi.

Faruk bi mí bóyá òun lè gba bàbá òun padà lọ́la. Kàlẹ́ńdà ti sú u.

Oníròyìn kan láti Nọ́wè bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ayàwòrán náà. Mo ní ọkọ rẹ̀ ni mí. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Alàgbà kan láti mọ́ṣáláṣí dúró níwájú Màámi, ó mi orí. Ó ní, "Alhájì, ìyá yín rèé láìborí lójú gbogbo ayé?" Ẹ̀gbọ́n kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ọwọ́ náà, ó ní, "Ìyàwó mi ló ń dì í lọ́wọ́. Ẹ ní sùúrù fún un." Alàgbà náà wo ọwọ́ yẹn pẹ́, ó sì ṣàdúà fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n ní kí Ìyàwó sọ̀rọ̀, ó sọ èdè tirẹ̀ díẹ̀, ó sọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá ọ̀rọ̀ dúró, ó kọjú sí ibi tí àwa jókòó sí, ó sì kúnlẹ̀ lójú ikọ̀ ìjọba ilẹ̀ wọn àti gbogbo èrò. "Ẹ̀yin ọkọ mi," ó ní, "iṣẹ́ tí ẹ rán mi rèé." Ẹ̀gbọ́n ló dìde, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n pè wá jọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní òun yóò bá àwòrán náà lọ sí Nọ́wè. Hafeezah ní, "Bàbá àgbà, ẹ ti fẹ́ẹ̀ pé ọgọ́rin ọdún." Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kò fi ní àsìkò láti fi ṣòfò. "Màámi kò dá ìrìn-àjò lọ rí. Mẹ́kà, èmi ni mo mú un lọ. Ọ̀ffà, èmi ni. Ṣé òun àti Ṣìfáwù nìkan ni yóò wá wọ bààlúù lọ sí ìlú yìnyín?"

Mo ti ya ẹ̀wù òtútù kan sọ́tọ̀ fún un nínú béèlì, ó gùn dé kókósẹ̀. Àwọn èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rà ní Àkírà.

Ilé bàbá Ìyàwó ní erékùṣù yẹn ni wọn yóò dé sí, ó ṣì wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bi í pé, "Ìyàwó, níbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ibo ni mo máa kọjú sí kírun?"

Kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, "Ẹ dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lórí àpáta lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ kọjú sí i, kí ẹ wá yà sí òsì díẹ̀. Ibẹ̀ ni olóògbé àbúrò yín máa ń kọjú sí."

"Ta ló fi hàn án?"

"Bàbá mi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ọkọ mi wálé, bàbá mi rí i pé ó ń wo ọ̀run, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ó lọ tú kọ́ńpáàsì inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wá, àwọn méjèèjì jọ wá a lórí tábìlì."

Ẹ̀gbọ́n bi í bóyá bàbá náà ṣì wà láyé. Ó ní ó ti kú tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n sin ín sí.

"Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "N kò tíì dúpẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."